Bọ́tìnnì Tó Ń Pe Olóògbé

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, akọ̀wé báǹkì ẹ̀jẹ̀ pe ọkùnrin kan lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́ kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Láti ọ́síbítù ni mo ti ń pè. Ṣé Bàbá wà nítòsí? Ẹ̀jẹ̀ wọn la fẹ́ tọrọ."

Akọ̀wé rò pé bóyá fóònù ti já ni. Ó wò ó, kò já. Ó ń gbọ́ bí ẹni ọ̀hún ṣe ń mí.

"Ọkọ mi ti kú," ni obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mo sì sọ fún yín. Èmi fúnra mi ni mo pè yín."

Ara akọ̀wé bù máṣọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó kí i kú ìrọ́jú bí ẹni pé àná ni ọkùnrin náà ṣaláìsí. Obìnrin náà ní kò burú, ó sì pa fóònù jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ tó fi pa á yẹn ló dun akọ̀wé jù. Ì bá sàn kó bú òun.

Òótọ́ lobìnrin náà sọ. Akọ̀wé rántí ìpè ọjọ́ náà dáadáa. Òun ló gbà á. Òun náà ló ṣí ìwé orúkọ lórí kọ̀ǹpútà, tó kọ ọ́ síwájú orúkọ ọkùnrin náà pé ó ti di olóògbé, tó tún fi àwọ̀ eérú kun gbogbo ìlà náà látòkè délẹ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni má baà ṣì í. Báwo wá ni orúkọ tí òun ti fi eérú bò ṣe tún yọ jáde pé kí wọ́n pè é?

Gbogbo ọ́síbítù ló ń pe akọ̀wé yìí ní Ìyá Ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, a máa yọ́ ẹnu rẹ̀ wò bóyá eyín rẹ̀ gùn ju ti èèyàn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ti rí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti lọ sí fèrèsé nìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìwé. Yàrá kékeré ló ń lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn fíríìjì ńláńlá ti ń kùn bí oyin látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tábìlì kan, àga méjì, fóònù kan, kọ̀ǹpútà kan. Nínú kọ̀ǹpútà náà ni ìwé onílà kan wà, tó pín sí àpótí kéékèèké bí afárá oyin. Ìlà kan, èèyàn kan. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ta ló fẹ́ máa fojú wá èèyàn nínú ẹgbẹ̀rún méjì nígbà tí aláìsàn ń retí? Ìdí nìyẹn tí àwọn bọ́tìnnì mẹ́ta fi wà lókè ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní àwòrán ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan ní àwòrán fóònù, ọ̀kan ní àwòrán kàlẹ́ńdà. Bí a bá tẹ ẹlẹ́jẹ̀, yóò béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí a ń wá. Bí a bá sọ fún un, yóò ṣa gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀jẹ̀ náà jọ kí a tó pajú dé. Bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kì í bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé ìtajà. Èèyàn ní láti jókòó kó to àwọn àṣẹ náà lẹ́sẹẹsẹ, ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún, kó wá so ó mọ́ bọ́tìnnì. Mákírò ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi, ló bá a ṣe é lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ṣe é, kò sì gba nǹkan kan ju ọpẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì báyìí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà kò sí àyè láti ronú ẹ̀gbọ́n. Obìnrin kan ti bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára rẹ̀. O-nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí kì í wọ́pọ̀, àpò méjì péré ló sì kù nínú fíríìjì. Dókítà ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bọ́tìnnì ti fún akọ̀wé ní orúkọ mẹ́sàn-án. Ẹni àkọ́kọ́, fóònù rẹ̀ kò sí lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹnì kejì ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹnì kẹta, ọmọdé kan ló gbé e, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹrin ni olóògbé. Ó ku márùn-ún. Ṣùgbọ́n akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù, ó wo orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Wẹ́dà dà?"

Wẹ́dà kan wà tó wá lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin ajórinmọ́rin aláwàdà tó bi nọ́ọ̀sì pé ṣé wọn ò lè bá òun fi ìdajì ọ̀rá ikùn òun kún ẹ̀jẹ̀ náà. O-nẹ́gẹ́tíìfù ni. Akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Kò sí lára àwọn mẹ́sàn-án.

Ó pa ohun tí bọ́tìnnì mú wá tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fojú wá wọn nínú ìwé fúnra rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì, ìka rẹ̀ lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó rí èèyàn mọ́kànlá tó wà láàyè. Nínú wọn, àwọn mẹ́fà ló ti tó àkókò tí wọ́n tún lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ pè.

"Ìyá Ẹ̀jẹ̀!" ni wẹ́dà pariwo. "Orí òrùlé ni mo wà o. Ṣé kí n fò sílẹ̀ ni, àbí kí n gba àkàbà?"

"Ẹ gba àkàbà, ẹ jọ̀ọ́. A ò fẹ́ kí ẹ wá di ẹni tí à ń wá ẹ̀jẹ̀ fún."

Wẹ́dà dé pẹ̀lú eruku irin lórí irun rẹ̀. Olùkọ́ kan tẹ̀ lé e, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń ṣe ìdánwò, ẹlòmíràn ló ń bá òun dúró tì wọ́n. Ẹnì kẹta ń wọlé nígbà tí ẹnì kejì ń dìde lórí ibùsùn. Nígbà tí oòrùn fi yẹ̀ lórí, àpò ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, Dókítà padà wá, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Ó ti dá." Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì lọ.

Inú akọ̀wé dùn, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun kò mọ wẹ́dà ńkọ́? Ẹni tó máa ń jókòó síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí bọ́tìnnì bá sọ fún un ló máa gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wé gèlè dúdú kékeré, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó wá síwájú adájọ́.

"Èmi lẹ pè lánàá," ló wí.

Akọ̀wé dìde fùú, ó kúnlẹ̀, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà fà á dìde.

"Ọmọ mi, mi ò bá ìjà wá. Mi ò sùn dáadáa ni. Mo ń rò ó pé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbì kan tí wọ́n ti ń wá a. Ṣé mo lè rí i?"

Akọ̀wé fa àga kejì fún un. Ó wá ìlà náà, ìlà aláwọ̀ eérú, ó sì fi hàn án. Obìnrin náà wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka orúkọ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ. Akọ̀wé wá tẹ ibòmíràn, gbogbo ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti wá sì tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mélòó ni gbogbo rẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún ni, Màmá. Láàárín ọdún mẹ́jọ."

"Ó sọ fún mi pé ó ti tó ọgbọ̀n." Obìnrin náà mi orí. "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó fi méje lé e."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu akọ̀wé kó tó mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó bá ti ibí dé," ló wí, "kì í gbé ṣíbí. Á ní dókítà sọ pé òun ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Màá ní, Bàbá, ṣíbí ni mo gbé lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Á ní, ẹ̀yin ò mọ bí ó ṣe ń ṣe èèyàn. Ẹni tó ń gun ilé alájà mẹ́rin lọ́jọ́ kejì!" Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi eteetí ìró rẹ̀ nù ún. "Ṣé ẹ máa pa á rẹ́ báyìí?"

"Rárá, Màmá. A kì í pa á rẹ́. A kàn ń sàmì sí i ni. Bọ́tìnnì tó ń ṣa orúkọ jọ ló ṣìnà, mi ò sì tíì mọ ibi tó ti ṣìnà."

"Ta ló ṣe bọ́tìnnì ọ̀hún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó wà láyé?"

"Ó wà láyé, Mà."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ dání. "Ẹ pè é nígbà náà," ló wí. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Akọ̀wé kò pè é. Wáyà ló pè.

Wáyà ni ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà gbogbo ọ́síbítù. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé okùn iná kì í wọ́n ní ọrùn rẹ̀. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá sí yàrá akọ̀wé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun ló sì kó gbogbo ẹrù láti ti àtijọ́ sínú tuntun. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú bí ẹni tí iná wà nílé rẹ̀.

"Kékeré nìyí," ni Wáyà wí. Ó fi hàn án pé bí a bá ṣí ìwé náà, ìlà pupa rúsúrúsú kan máa ń yọ lókè tó ń sọ pé òun ti dá àwọn àṣẹ inú rẹ̀ dúró, nítorí pé àwọn ẹni ibi máa ń fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ǹpútà jẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kó gbà wọ́n láàyè. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì ẹlẹ́jẹ̀. Orúkọ mẹ́sàn-án náà ló tún jáde, bíríkìlà olóògbé sì wà láàárín wọn gbọingbọin.

"Kò burú," ni Wáyà wí. "Ìlà àwọn bọ́tìnnì yìí ló ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí bó ṣe wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀."

"Wáyà, ṣé ó dá yín lójú..."

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́ wìì, ìlà bọ́tìnnì sì padà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ lóòótọ́, bó ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó so nǹkan mọ́ ọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lọ. Fóònù lọ. Kàlẹ́ńdà lọ. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe é gan-an?" ni Wáyà béèrè ní ohùn kékeré.

Nígbà tí Wáyà lọ tán, akọ̀wé ti ilẹ̀kùn. Ó mọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, kò nílò ìwé kankan. Ó jókòó ti fóònù. Ohun tó wà láàárín wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bàbá wọn ṣàìsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá nílé ẹ̀gbọ́n yìí. Bọ́ọ̀sì kan péré ló máa ń gbé akọ̀wé débẹ̀, kò tó wákàtí kan. Ẹ̀gbọ́n kò pè é. Ọjọ́ tí bàbá kú ló tó pè. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n dúró lápá ọ̀tún, àbúrò lápá òsì, bí èrò méjì tó ń dúró de ọkọ̀ tó yàtọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí "ẹ ǹ lẹ́" kò sí "o kú".

Ó tẹ nọ́ńbà náà. Ẹ̀gbọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó dún.

"Kékeré?" ló wí. Orúkọ tó ń pè é láti ìgbà tó ti ń gbé e pọ̀n nìyẹn. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Bọ́tìnnì ni." Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ó ń sọ pé ká pe àwọn òkú."

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé o ti pa kọ̀ǹpútà náà láti ìgbà tó o tẹ bọ́tìnnì kẹ́yìn?"

"Rárá."

"Má pa á. Di bọ́tìnnì Alt mú lórí kíbọ́ọ̀dù, kó o tẹ F8. Kí lo rí?"

"Àpótí kan yọ. Orúkọ wà níbẹ̀. Mẹ́ta... rárá, mẹ́fà ni. Orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì méjì."

"Mẹ́fà? Mẹ́ta ni mo kọ. Wò ó dáadáa, ṣé bákan náà ni wọ́n rí?"

"Mẹ́ta jẹ́ orúkọ lásán. Àwọn mẹ́ta tó kù, orúkọ ìwé kan ló ṣáájú wọn. Ó ní... 'Ìwé Àkọ́kọ́'."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ìyẹn ṣì wà láyé?"

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi yé akọ̀wé. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọdún kejì, ó gbé iṣẹ́ sínú ìwé mìíràn, èyí tí wọ́n ń lò títí dòní, ó sì fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ sínú fíláàṣì kan nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, pẹ̀lú ẹ̀dà àwọn bọ́tìnnì. Nígbà tí Wáyà fẹ́ gbé àwọn bọ́tìnnì lọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀dà inú fíláàṣì yẹn ló rí. Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé òun kò rí ìwé òun. Wáyà wá ìwé tó ń pè, ó rí i nínú fíláàṣì náà, ó gbé e síbi tí bọ́tìnnì ti ń wò. Bọ́tìnnì dákẹ́. Wáyà gbà pé iṣẹ́ ti parí. Láti ọjọ́ náà, bí akọ̀wé bá tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á rọra ṣí ìwé ọlọ́dún márùn-ún lẹ́yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀, á ṣa orúkọ jọ láti ibẹ̀. Nínú ìwé yẹn, wẹ́dà kò tíì wá rí. Bíríkìlà sì ṣì ń gun òrùlé.

"Wáyà ló fà á, àbí?" ni akọ̀wé wí.

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni. Bí mo ṣe kọ àṣẹ náà ni pé inú ìwé tí àṣẹ ọ̀hún fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni kó ti máa ṣa orúkọ, kì í ṣe inú ìwé tó wà níwájú èèyàn. Mi ò rò ó pé ìwé méjì lè wà. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan fún ọ́síbítù yẹ kó rò ó. Lọ́jọ́ Ajé mi ò sí níbi iṣẹ́. Ṣé mo lè wá?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀kùn tó tì. "Ẹ máa bọ̀," ló wí. Ó kọ ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà fún ẹni òpin ọ̀sẹ̀ pé kó fojú wá orúkọ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n dé kí akọ̀wé tó dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú kọ́rídọ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún. Irun rẹ̀ ti funfun sí i. Akọ̀wé kúnlẹ̀ kí i, ó dá a lóhùn, wọ́n sì wọlé.

Iṣẹ́ náà kò le fún ẹ̀gbọ́n. Ó pa ìwé àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ó so àwọn bọ́tìnnì mọ́ inú ìwé gan-an lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe mọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè jẹ́ pé ibikíbi tí ìwé bá lọ, wọn á bá a lọ. Ó fi kún àṣẹ náà pé kí orúkọ ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan sínú rẹ̀ kẹ́yìn máa yọ lókè gbogbo orúkọ tó bá ṣà jọ, àti pé bó bá ti rí "olóògbé" lójú ìlà kan, kó fò ó.

"Ó parí," ló wí.

"Kò tíì parí," ni akọ̀wé wí. "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Ó tẹ bọ́tìnnì ẹlẹ́jẹ̀. Ó béèrè gbogbo irú ẹ̀jẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ tó bá jáde. Bíríkìlà kò jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ A, ó fọwọ́ kan orúkọ kan. "Ẹni yìí ti kú. Mo mọ ìyàwó rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo ìlà náà. Wọ́n ti fi àwọ̀ eérú kùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "ti kú". Wọ́n wo òmíràn, "ó ti lọ" ló wà níbẹ̀. Òmíràn, àgbélébùú kékeré kan. Ní ibòmíràn, akọ̀wé kọ olóògbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn àmì orí rẹ̀.

"Èmi rèé," ni akọ̀wé wí, ojú tì í díẹ̀. "Mo rò pé ẹni tó bá rí i á mọ̀."

"Èèyàn á mọ̀. Bọ́tìnnì kì í mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o bá fi kọ́ ọ ló gbọ́."

Kò sí ohun méjì tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ. Ìlà aláwọ̀ eérú mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ń ka orúkọ, àbúrò ń tẹ "olóògbé" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kò mọ ọ̀kankan nínú wọn, síbẹ̀ kò kánjú. Ó ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan pé, ó ń dúró kó tó pe èyí tó kàn. Fíríìjì ń kùn lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ti ka bí ogójì nígbà tó dákẹ́. Akọ̀wé gbójú sókè.

"Bàbá ló ní kí n má pè ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Akọ̀wé kò gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó o rí àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ lè dìde jókòó ná. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ó di ọ̀la."

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Mo kà á." Ó yí fìlà rẹ̀ po lórí orúnkún. "Kì í ṣe àṣẹ Bàbá nìkan. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá fi lè pè ọ́ báyìí, mo ti gbà pé wọ́n ń lọ nìyẹn."

"Ẹ ò bá pè mí ní kọ̀rọ̀. Ǹ bá kàn yà bí ẹni tó ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá. Ṣé mi ò mọ bí a ṣe ń ṣèèṣì yà ni?"

"O mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Omi dà lójú akọ̀wé, kò sì nù ún. "Ó ṣì ń dùn mí o," ló wí.

"Kó máa dùn ọ́. Ó yẹ kó dùn ọ́. Ṣáà máa pè mí, kó o máa sọ fún mi pé ó ń dùn ọ́."

Àwọn àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá lọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá fi ẹ̀rín jáde, wọn ò sọ òótọ́ fúnra wọn. Àwọn méjì yìí kò fi ẹ̀rín jáde. Wọ́n ka ogún tó kù tán. Akọ̀wé tún dán bọ́tìnnì wò láti ìbẹ̀rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, olóògbé kankan kò sì jáde mọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í kó kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, lédè tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yẹ bọ́tìnnì wò àti ohun tí a ń ṣe bó bá tún ṣìnà. Nígbà tí Wáyà yọjú láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n fún un ní àga, ó sì fi gbogbo rẹ̀ hàn án láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wáyà kọ tirẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, akọ̀wé wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó, ó fà á mọ́ra, kò bi í ní ìbéèrè kankan. Akọ̀wé ní òun fẹ́ rí yàrá tí bàbá àwọn lò.

Wọ́n ti gbé ibùsùn kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi yàrá náà kàwé báyìí. Tábìlì wà lójú fèrèsé, ìwé sì tò lórí rẹ̀. Akọ̀wé fa àga kan, ó gbé e síbi tí orí ibùsùn ti wà, ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ sọ fún mi," ni akọ̀wé wí. "Láti ọjọ́ kìn-ín-ní."

Ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí bàbá ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tó sì ní àárẹ̀ ọjọ́ kan ni. Ó sọ ti ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ló wí, Bàbá ní kí wọ́n pa rédíò, pé ẹni tó ń ka ìròyìn yẹn ń kánjú jù, ó jọ pé ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọrogùn.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò. "Bàbá nìyẹn," ló wí. "Bàbá gan-an nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún ńkọ́?"